Ohun Tó Ń Mì Lára Ṣakabùlà, àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Dúró

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọdẹ, alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ẹ̀yin bàbá ọdẹ, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ irin ìbọn fúnra rẹ̀ kọ́ la bá wá. Ohun tó so mọ́ ọn la fẹ́ yẹ̀ wò: ọ̀pá tí a fi ń kì í tó ń yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀, òkúta ìṣáná tí kò dúró lẹ́nu òòlù ara ìbọn, kápù (ìdérí irin kékeré tó ń dún láti ṣáná sí ẹ̀tù) tó ń bọ́ sínú koríko, awọ tó ti dẹ̀ lára igi, okùn èjìká tó fẹ́ tu, ìdérí ìwo ẹ̀tù tí kò dí mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ka nǹkan wọ̀nyí sí kékeré. Ẹ̀tù tó dànù sínú àpò kì í ṣe kékeré. Ọ̀pá tó yọ kọjá ẹnu ìbọn nígbà tí ọta ń jáde bọ̀ kì í ṣe kékeré rárá.

Ohun kan la máa tẹnu mọ́. Ẹ wádìí ohun tó mú nǹkan ṣò kí ẹ tó mú un le. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú un le, ohun rírọ̀ tó ṣeé pààrọ̀ ni kí ẹ fi kún un, ìyẹn òwú, awọ, ìda oyin tàbí igi. Ẹ má fi òòlù lu irin kí ó lè fún, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù tí kì í tú mọ́ lẹ ohun tí ẹ máa nílò láti tú lọ́la.

Ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa ló ń fa púpọ̀ nínú ìṣòro yìí. Láti Ọ̀fà dé Àjàṣẹ́-Ìpo, dé Òmù-Àrán àti Ìsánlú-Ìsin, ibi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn la wà. Òjò ń rọ̀ láti bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Tó bá di ìparí oṣù kọkànlá, ọyẹ́ á dé. Igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, á wú. Ọyẹ́ á fà á gbẹ, á súnkì. Kì í kúrú o, ìbú rẹ̀ ló ń dín. Ìyípadà tó ń bá gígùn rẹ̀ kò tó ohun tí ojú ń rí. Irin kì í bá a wú, kì í bá a súnkì. Nígbà òjò, igi tó wú á fara ti irin, irin ò ní yẹ̀ fún un, fọ́nrán igi tó wà níbẹ̀ á wó mọ́ra. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, igi á súnkì, ṣùgbọ́n fọ́nrán tó ti wó kì í dìde mọ́. Àlàfo ló máa ṣẹ́kù. Ìdí kan náà ló ń mú kí ọkọ́ máa yẹ̀ lára ẹ̀rúkọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nítorí náà, ohun tí ẹ bá mú le pinpin ní oṣù kìíní lè há ní oṣù keje débi tí kò ní ṣeé fà yọ. Bí ẹ bá ń tún nǹkan onígi ṣe nígbà ọyẹ́, ẹ fi àyè tí bébà kan lè gbà sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń mì díẹ̀ nìkan, tí kò já bọ́, ẹ jẹ́ kí òjò kìíní àti ìkejì rọ̀ ná kí ẹ tó pinnu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á dúró fúnra wọn.

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Ẹ yọ kápù tàbí ẹ gbá ẹ̀tù kúrò nínú àwo kékeré tó wà lẹ́bàá ihò iná. Kí ojú àti ọwọ́ má ṣe wà ní iwájú ẹnu ìbọn. Ẹ ti ọ̀pá wọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ fi èékánná mú ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ẹ fà á jáde, ẹ wá gbé e lé ẹ̀gbẹ́ irin níta, kí ibi tí èékánná wà bá ẹnu ìbọn ṣe déédéé. Bí ìbọn bá ṣófo, orí ọ̀pá á dé ọ̀gangan ihò iná. Bí ó bá ku ìka méjì tàbí mẹ́ta kí ó débẹ̀, nǹkan wà nínú. Ìbọn tí nǹkan wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbọn àtúnṣe. Ẹ da omi sí i láti ẹnu àti láti ihò iná, kí ó rin gbingbin, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wá fi irin onílọ́ fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo sí i lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀tù tútù ń jẹ irin kíákíá, ẹ̀tù tó bá sì ṣẹ́kù sínú tún lè gbẹ padà kí ó gbaná.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn oníkápù mọ́ ohun tó ń gba ìwé àṣẹ. Kí ìwé yín pé. Irin ìbọn, ẹ̀rọ òòlù rẹ̀ àti ibi tí iná ń gbà wọlé, ọwọ́ ẹni tí òfin fún láṣẹ ni kí wọ́n wà. Ohun tí a ń sọ níbí ni èyí tí olówó ìbọn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bójú tó.

Ọ̀pá ìkìbọn la máa kọ́kọ́ mú, torí òun ni ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí ìbọn bá dún, ó ń ta sẹ́yìn. Ọ̀pá tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ bá a lọ. Bí kò bá sí ohun tó dì í mú, ìbọn á sá sẹ́yìn fi í sílẹ̀, ọ̀pá á yọ ìka kan síwájú. Ẹ tún yìn ín, ó tún yọ. Kí ọdẹ tó mọ̀, orí ọ̀pá ti ga kọjá ẹnu ìbọn, tàbí kí ó ti já bọ́ sínú igbó, ìbọn ò wá ṣeé kì mọ́.

Ẹ wo ibi tí àlàfo wà. Bí ọ̀pá bá ṣò nínú òrùka irin tó gbé e dúró lábẹ́ ìbọn nìkan, tí ó sì fún dáadáa nínú ihò igi, òrùka ló jẹ. Bí ó bá ṣò níbi méjèèjì, ọ̀pá fúnra rẹ̀ ló tín-ínrín. Wíwé òwú ni àtúnṣe tí a fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i. Ká ní ihò igi fẹ̀ tó mìlímítà 11, ọ̀pá sì jẹ́ mìlímítà 9.5. Àlàfo jẹ́ mìlímítà kan àti ààbọ̀. Òwú tí sísanra rẹ̀ jẹ́ 0.3 ń fi 0.6 kún ìbú ọ̀pá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló kún. Ìpele méjì á sọ ọ́ di 10.7. Ìda oyin á gba díẹ̀ nínú 0.3 tó kù, ìyókù jẹ́ ti òjò.

Ìdí ọ̀pá, ìyẹn orí tín-ínrín tó ń wọ inú igi lọ, ni kí ẹ wé òwú sí, ní gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Ẹ má wé e sí ọ̀dọ̀ orí tí a fi ń gún ẹ̀tù. Nígbà tí a bá kì ìbọn tán, ìdí ọ̀pá ló ń ṣẹ́kù síta. Òwú tó bá wà lápá ibẹ̀ kò ní wọ inú irin rárá. Èyí tó bá wọ inú irin, ẹ̀tù jíjóná á lẹ̀ mọ́ ọn, lọ́jọ́ kan ó lè há sínú. Ẹ fi ìda ra òwú owú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́ orí rẹ̀ sórí ọ̀pá, kí ẹ wé òwú lé e lórí kí ó lè di ara rẹ̀ mú láìsí kókó. Ní ìparí, ẹ ki òwú kékeré mìíràn tí a ṣẹ́po sábẹ́ wíwé mẹ́fà ìkẹyìn, ẹ fi í fa orí òwú gba abẹ́ wọn, ẹ gé e. Kókó kì í dára níbẹ̀, torí òun ni òrùka máa kọ́kọ́ gbá tú. Ẹ yí ìda gbígbóná lé e, ẹ fi aṣọ nù ún kí ó dán. Òwú ọ̀rá kò dára tó ti owú fún iṣẹ́ yìí, ó ń yọ̀.

Bí ó bá jẹ́ òrùka ló jẹ, ẹ gé awọ ewúrẹ́ tín-ínrín ní ìwọ̀n inú òrùka, kí ojú rẹ̀ tó dán kọjú sí ọ̀pá, kí ẹ fi àtè tó ṣeé fi omi gbígbóná tú lẹ̀ ẹ́. Àwọn kan máa ń fi òòlù lu òrùka pẹlẹbẹ. Òrùka tí a lù kò rí róbótó mọ́. Ọ̀pá á máa fara kan ibi méjì péré, ibi méjèèjì á sì máa họ ọ̀pá títí yóò fi ṣẹ́.

Ọ̀pá tó ṣẹ́ nígbà tí a ń kì ìbọn máa ń gún àtẹ́lẹwọ́. Ìdí ni pé fọ́nrán igi rẹ̀ kò lọ tààrà láti orí dé ìdí. Igi àyìn dára fún un, ó le, ó sì ń tẹ̀ díẹ̀. Àáké ni kí ẹ fi là á, kí ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ: àáké ń tẹ̀lé fọ́nrán, ayùn ń gé e kọjá. Nígbà tí ẹ bá ń kì, ẹ di ọ̀pá mú ní ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ sókè ẹnu ìbọn, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀.

Idẹ tó wà lórí ọ̀pá náà ń ṣò. Gọ́ọ̀mù nìkan kò tó fún un, bó ti wù kí ó le tó. Ìtìsísàlẹ̀ kì í bà á jẹ́, ìfàjáde ni. Bí àkísà tí a fi ń nu inú ìbọn bá há, tí a wá fa ọ̀pá, igi á jáde, idẹ á jókòó sínú. Ẹ yọ idẹ náà, ẹ fi fáìlì ha inú rẹ̀ kí ó rí gbágungbàgun, kí ẹ gbẹ́ orí igi títí yóò fi wọlé dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí àlàfo tó bá wà nísàlẹ̀ á jẹ́ kí idẹ máa rìn. Ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ olójú méjì sí i, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi dírílì mìlímítà méjì lu ihò gba àárín idẹ àti igi kọjá sí òdìkejì. Wáyà idẹ tó bá ihò náà mu ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ rọra fi òòlù kékeré tẹ orí rẹ̀, kí ẹ wá fi fáìlì lọ̀ ọ́ kúnná. Wáyà irin á ha inú ìbọn, idẹ kò ní ha á.

Ó kan òkúta. Akọ òkúta tó ń ṣáná, awọ ló yẹ kí ó wà láàárín òun àti ẹnu òòlù. Ẹ má fi aṣọ tàbí bébà dì í. Aṣọ ń mú iná, ó sì lè máa jó lábẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ibi tí a máa da ẹ̀tù tuntun sí. Awọ màlúù tàbí ti ewúrẹ́ tó nípọn tó mìlímítà kan sí kan àti ààbọ̀ ló dára. Ẹ ṣẹ́ ẹ po méjì, ẹ lu ihò sí ibi ìṣẹ́po kí sukúrù lè gbà á kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀ ìdí òkúta á sún dé ara sukúrù, kò sì ní rìn sẹ́yìn nígbà tó bá gbá irin. Ojú òkúta gbọ́dọ̀ bá irin tí òkúta ń gbá kí iná lè ṣá dọ́gba láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Bí igun kan ló ń kàn án, igun náà á fọ́, òkúta á sì yí. Nígbà tí òòlù bá wà ní ààbọ̀ ìfàsókè, kí àlàfo mìlímítà méjì sí mẹ́ta wà láàárín wọn. Bí ó bá ń gbá irin ní ìsàlẹ̀ jù, ẹ dojú òkúta dé kí ẹ tún un dán wò.

Awọ tuntun máa ń fún mọ́ra. Lẹ́yìn ìyìn méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tún sukúrù náà mú le. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á ní òkúta náà kò dára, wọ́n á sọ ọ́ nù, nígbà tó jẹ́ pé awọ ló rọ̀ sí i. Lílo òjé pẹlẹbẹ dípò awọ jẹ́ àṣà àwọn ọmọ ogun ayé àtijọ́ lórí ìbọn ńláńlá. Lórí òòlù kékeré, ìwúwo rẹ̀ ń da sípíríǹgì láàmú. Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: òkúta pupa tí àwọn onílẹ̀kẹ̀ Ìlọrin máa ń lọ̀ láyé àtijọ́ di ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń pè ní lántánà, ìdílé kan náà ló ti wá pẹ̀lú akọ òkúta ìbọn. Le tó ń le ló mú kí lílọ̀ rẹ̀ gba sùúrù tó bẹ́ẹ̀, le yẹn náà ló ń mú kí òkúta ha iná lára irin.

Ìbọn oníkápù ní ẹjọ́ tirẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń rí àṣìṣe tó léwu jù. Kápù Nọ́ńbà 10 àti Nọ́ńbà 11 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú, ìyàtọ̀ wọn kò tó ààbọ̀ mìlímítà, ti ilé iṣẹ́ kan kò sì bá ti èkejì dọ́gba tán. Kápù tó bá ṣò lórí ọmú irin, ìyẹn irin kékeré oníhò tí a ń dé kápù lé, á bọ́ nígbà tí ọdẹ bá dorí ìbọn kodò, tàbí kí ó dún, kí èérún rẹ̀ fò lu ojú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi eyín tàbí ẹ̀mú fún kápù náà kí ó lè di ọmú mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ohun tó wà nínú kápù, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń mú un dún. Ẹ̀mú náà sì lè tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ dún, kápù tí a fún ti di pẹlẹbẹ, ibi méjì ló ti ń kan ọmú, iná á máa ráyè jáde ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí ọmú. Òòlù tí a ń jẹ́ kí ó máa lu ọmú lásán láìsí kápù máa ń mú kí orí rẹ̀ tẹ́ bí olú. Kápù á wá há sórí olú yẹn láìwọlé tán: ìlù kìíní á kàn tì í wọlé, ìlù kejì ni yóò dún. Àwọn kan á rò pé kápù kéré, wọ́n á lọ ra èyí tó tóbi, ìyẹn á sì máa já bọ́. Ọmú tó ti tẹ́, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́. Bí orí ọmú bá dára, ẹ ra irú kápù mìíràn díẹ̀, ẹ dán an wò. Èyí tó bá yẹ á wọlé bí a bá fi igi kékeré kan tì í, á kan ìsàlẹ̀, kò sì ní bọ́ bí a bá dorí ìbọn kodò tí a gbọ̀n ọ́n. Ìgbọ̀n yìí, ìbọn tó ṣófo ni kí ẹ fi ṣe é.

Bí ọmú fúnra rẹ̀ bá ń mì nínú ihò tí a lọ́ ọ sí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ má fi òwú wé e, ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ má fi bébà dí i. Agbára ẹ̀tù á ta á jáde lọ bá ojú ẹni tó ń yìnbọn. Ẹ má yin ìbọn náà mọ́ títí ẹni tó ní àṣẹ yóò fi ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà ilẹ̀ wa ni a fi awọ dè irin rẹ̀ mọ́ igi. Awọ yẹn ń dẹ̀ nígbà òjò, irin á máa gbọ̀n. Awọ tútù tí aláwọ kò tíì fọwọ́ kàn ni kí ẹ wá lọ́dọ̀ alápatà, ti ewúrẹ́ tàbí ti ọmọ màlúù. Ẹ fá irun rẹ̀, ẹ fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ dáadáa, torí iyọ̀ á jẹ irin lábẹ́ ibi tí ojú kò rí. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ gé e ní ìbú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí gígùn rẹ̀ fi bíi ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà dín sí àyíká irin àti igi, kí ó lè gba fífà. Ẹ fi ìlu lu ihò sí i, ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà sí etí. Ẹ fi ìda oyin pa ara irin kí omi awọ má bàa dóògún sí i, kí ẹ wá rán an, kí ojú ìránṣọ náà wà ní ẹ̀gbẹ́, kí ó má bọ́ sábẹ́ níbi tí ọ̀pá ń gbà.

Kí ẹ tó rán an, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn tí a fi ọ̀rá wé sí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á rí i lọ́jọ́ kẹta pé awọ ti fún wọlé, ọ̀nà ọ̀pá ti dí, kò sì sí ohun tí a lè ṣe ju kí a gé awọ náà dànù lọ. Abẹ́ òjìji ni kí ó ti gbẹ, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Oòrùn àti iná ń mú un gbẹ lójú kan ju ibòmíràn lọ, á là. Tó bá gbẹ tán, ẹ yọ́ ìda oyin ìdá mẹ́ta pọ̀ mọ́ òrí ìdá kan, kí ẹ fi pa á lára nígbà tó ṣì gbóná díẹ̀. Láìsí ìda, òjò kìíní á tún sọ awọ náà di rírọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ó yé yín pé awọ kì í wo irin tó là tàbí tó wú sàn; irin bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dún mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìṣó kékeré ló di irin mú dípò awọ, ẹ má wá ìṣó tó tóbi jù ú lọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ àárín rẹ̀ díẹ̀, bí ìnípọn èékánná, kí ẹ dá a padà. Títẹ̀ yẹn á mú kí ó dúró, ihò igi kò sì ní fẹ̀ sí i.

Okùn èjìká kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sukúrù òrùka rẹ̀ tó bá ti ṣò, ẹ fi igi líle tín-ínrín àti gọ́ọ̀mù dí ihò náà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tún un lu. Fún sukúrù mìlímítà márùn-ún nínú igi apá tàbí ìrókò, ihò mẹ́ta àti ààbọ̀ tó. Ẹ wọn bí igi ṣe nípọn tó kí dírílì má baà já sínú ọ̀nà ọ̀pá. Sukúrù tó di ẹ̀rọ òòlù mú ní tirẹ̀ kì í fẹ́ agbára: bí ẹ bá fún un jù, igi á tẹ ohun tó ń rìn nínú ẹ̀rọ náà, òòlù lè má dúró níbi tí a fà á dé.

Ó ku ìwo ẹ̀tù. Ìdérí rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ igi tàbí ìwo, kí orí rẹ̀ tín-ínrín díẹ̀ ju ìdí lọ. Irin kò yẹ ẹ́. Bí ó bá ṣò, ẹ wé awọ tín-ínrín tí a fi ìda ra mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ igi tó dí ìdí ìwo gbígbòòrò ló ń mì, ẹ da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú nǹkan mìíràn, kí ó jìnnà sí iná, kí ẹ fi omi fọ inú ìwo náà mọ́. Ẹ sè ìdí ìwo nínú omi híhó fún bíi ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, á rọ̀. Ẹ ti igi náà wọ̀ ọ́, ẹ fi okùn dì í yíká, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ìwo á súnkì mọ́ igi. Ẹ lu ihò wẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà yíká rẹ̀, ẹ kì ìṣó igi bọ̀ wọ́n, kí ẹ fi ìda yíyọ́ dí ojú ìpàdé wọn. Kí ẹ tó da ẹ̀tù padà, ẹ ti ìdí ìwo náà bọ inú omi, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ẹnu kékeré. Ibi tí omi bá ti ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni ìda kò tíì dé; ẹ tún un dí, ẹ jẹ́ kí ìwo náà gbẹ fún ọjọ́ méjì.